Wọ́n dá ọmọ yín dúró nílé-ìwé ní Amẹ́ríkà: ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé sí mi nípa ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 15, tó wà ní kíláàsì kẹwàá nílé-ìwé ìjọba. Ọmọ kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onítọ̀hún gbá a létí níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, tirẹ̀ náà sì gbá a padà. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ó wá ní kó lọ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyà kan náà ni wọ́n fi jẹ ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n tún ní bí ọmọ ìyá yìí bá jà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á gbé e lọ sílé-ìwé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ sí. Bàbá ọmọ fẹ́ mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kí àwọn méjèèjì lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Ìyá ń béèrè bóyá kí wọ́n lọ, bóyá ọ̀rọ̀ yìí yóò ba ti ọmọ jẹ́ nígbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, àti bóyá àwọ̀ ọmọ ló fa ìyà náà. Ní ìparí lẹ́tà, ó fi kún un pé ọmọ náà ní ADHD, àìlera tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí jókòó jẹ́ẹ́, ó sì ní ètò 504, ìwé tí ilé-ìwé kọ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n á máa ṣe fún un nítorí àìlera rẹ̀ sí.

Ẹ kú ìrójú, mà. Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń gún wọn ní kẹ́ṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í ṣẹ̀ kí òbí rẹ̀ wá dúró ṣánṣán níwájú olùkọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀bẹ̀ tán ni àgbà á tó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Nílé-ìwé tí ọmọ yín ń lọ, ohun tí òbí bá kọ́kọ́ sọ ni wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti ka fáìlì ọmọ wa kan tí gbólóhùn “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í” tí bàbá rẹ̀ sọ ti di “òbí gbà pé ọmọ òun jẹ̀bi.” Bàbá yẹn ò gba nǹkan kan o, ọmọlúàbí ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ tún dìde lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ohun tó wà nínú fáìlì ni wọ́n kà.

Nítorí náà, kí bàbá lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni kí wọ́n gbé lọ. Bí ìbéèrè bá rí ìdáhùn, tó sì hàn pé ọmọ ní ẹ̀bi tirẹ̀, ẹ lè tọrọ àforíjì fún ìwọ̀n ohun tó ṣe, kó má lọ kó ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.

Òfin tó fún yín lẹ́nu láti béèrè ti dàgbà. Ní 1971, wàhálà ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìjẹun ilé-ìwé Central High School ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ tó tó 75 ni wọ́n lé sílé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dwight Lopez wà lára wọn. Ó ní òun kàn dúró níbẹ̀ ni, òun ò ba nǹkan kan jẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, torí òfin Ohio ìgbà náà gba ọ̀gá ilé-ìwé láyè láti lé ọmọ sílé títí dé ọjọ́ mẹ́wàá láìgbọ́ ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Washington, wọ́n sì dá a ní January 1975, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Wọ́n ní bí ìpínlẹ̀ bá ti fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti kàwé, kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kódà fún ọjọ́ díẹ̀, láìjẹ́ pé ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: ohun tí àwọn baba wa ń sọ ni kóòtù yẹn sọ.

Ohun tí ìdájọ́ náà fún ọmọ yín kò pọ̀, ó dára kí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Fún ìdádúró tí kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ilé-ìwé gbọdọ̀ sọ ẹ̀sùn fún ọmọ. Bó bá sẹ́, wọ́n gbọdọ̀ sọ ẹ̀rí tí wọ́n ní fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Kí ó tó kúrò nílé-ìwé ló yẹ kí èyí ṣẹlẹ̀, àfi bí wíwà rẹ̀ níbẹ̀ bá léwu. Nígbà náà, kí wọ́n ṣe é láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá lọ. Ìbánisọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Òfin yìí ò fún un ní lọ́yà, kò sì fún un láǹfààní láti pe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í wáyé.

Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ jókòó, ẹ jẹ́ kí inú rọ̀. Kí ni igbákejì ọ̀gá sọ fún un kó tó ní kó máa lọ? Ṣé ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́? Ṣé ó ní òun ti wo fídíò, tàbí ó kàn gbà á lẹ́nu ọmọ kejì? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àkókò, ibi tí wọ́n dúró sí, àti àwọn tó wà nítòsí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, yóò ti gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Kámẹ́rà ni kí ẹ sáré tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní kámẹ́rà ní yàrá ìjẹun, àwọn ẹ̀rọ náà sì máa ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́ láti fi ààyè gba tuntun. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lónìí, ẹ sọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú fídíò náà, ẹ ó sì fẹ́ wò ó. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó ti wà láti 1974, tí wọ́n ń pè ní FERPA, fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti wo àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ rí i láàárín ọjọ́ 45. Wọ́n lè sọ pé ọmọ ẹlòmíràn wà nínú fídíò. Òótọ́ ni, wọ́n sì ní láti ṣọ́ra fún tiwọn náà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ni wọ́n fi dá ọmọ yín lẹ́jọ́, ti ọmọ yín náà ni. Ẹ fi ẹ̀rọ̀ tẹnu mọ́ ọn.

Ìwé tí wọ́n ní kó kọ ní ọ́fíìsì ń kọ mí lóminú. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ò ní láti dúró de òbí kó tó bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, ọlọ́pàá sì ń jókòó nílé-ìwé girama púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ọmọ bá kọ fún ilé-ìwé lè dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Ní 2011, nínú ẹjọ́ ọmọ ọdún 13 kan láti North Carolina tí ọlọ́pàá bi léèrè ọ̀rọ̀ nínú yàrá kan nílé-ìwé rẹ̀, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní ọjọ́ orí ọmọ ṣe pàtàkì nígbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá ó mọ̀ pé òun lè dìde kí òun máa lọ. Ọmọ wa kì í sábà dìde. A ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá ń bi í, kó dáhùn. Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan tí kò ní àrífín nínú: “Jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ kí màmá mi wà níbí kí n tó kọ nǹkan.” Kí ó máa sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, kó sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wá sí ti Texas. Orí 37 nínú òfin ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yín ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2025, ìjọba Texas tún orí náà ṣe, wọ́n sì fún ilé-ìwé lágbára díẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ gba ìwé ìlànà ìwà ti ọdún yìí lọ́wọ́ district yín, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba àdúgbò yín. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín ní láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ò wúlò fún yín. Lábẹ́ òfin Texas, ìdádúró nílé kan kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Wọ́n tún gbọdọ̀ wá ọ̀nà láti fún ọmọ ní iṣẹ́ tí kíláàsì ń ṣe nínú àwọn ẹ̀kọ́ pàtàkì, bí ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, ó kéré tán ọ̀nà kan sì gbọdọ̀ wà tí kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tó padà lọ tí kò mọ ibi tí kíláàsì dé ló máa ń rí wàhálà míì fà.

Ìwé ìlànà kan náà gbọdọ̀ sọ pé wọ́n á ro àwọn nǹkan kan kí wọ́n tó dá ọmọ dúró: bóyá ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bí ìwà rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀, àti bóyá ó ní àìlera tó ń dí i lọ́wọ́ láti mọ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dáa. Ríro àwọn nǹkan yìí ò ní kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìyà kan náà jẹ ẹni tó gbáni àti ẹni tí wọ́n gbá, ó bófin mu kí ẹ béèrè: “Nígbà tí ẹ ń rò ó, kí lẹ rò nípa ìdáàbòbò ara ẹni?” Kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ ní ímeèlì.

Ẹ kọ̀wé pé ọmọ náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìbéèrè mi sí yín rèé, mà: ṣé ẹnikẹ́ni ti fi tó ilé-ìwé létí nínú ìwé? Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ ṣe é lónìí, àní ṣáájú kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Láti 2011 ni òfin Texas ti ní kí gbogbo district ní ìlànà lórí fífi ayé ni ọmọ ẹlòmíràn lára, ó sì wà nínú òfin náà pé bí ìwádìí bá fi hàn pé wọ́n ń fayé ni ọmọ lára, wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó dáàbò bo ara rẹ̀ níwọ̀nba. Òfin míì tí wọ́n ṣe ní 2017 sọ pé bí ilé-ìwé bá ti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọdọ̀ fi tó òbí ọmọ tí wọ́n ń yọ lẹ́nu létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà yìí gbòòrò ju ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ lọ? Ọwọ́ ilé-ìwé ni ẹ̀bẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yín sí. Ẹ̀sùn tí ẹ kọ sílẹ̀ fi dandan mú wọn ṣe ìwádìí. Bí ìwádìí bá gbè yín, ẹ ní kí wọ́n pa ìdádúró náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ọmọ. “Níwọ̀nba” ni ibi tí wọ́n á ti bá yín jiyàn: bí ọmọ yín bá gbá a lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ọ̀rọ̀ yín lágbára, bó bá lé e yí tábìlì ká, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá fídíò nìyẹn.

Bí wọ́n bá kọ̀ tí ọ̀rọ̀ ò sì tẹ́ yín lọ́rùn, district kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí òbí ń gbà fẹ̀sùn kàn títí dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fún òbí láti fi bẹ̀rẹ̀ kì í pọ̀, ẹ tètè wò ó nínú ìlànà tiwọn.

Gbólóhùn tí ẹ fi sí ìparí lẹ́tà, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, ni mo fẹ́ tẹsẹ̀ dúró lé lórí: ADHD àti ètò 504. 504 jẹ́ apá kan nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1973, tó ní kí ẹnikẹ́ni tó ń gba owó ìjọba má ṣe yà ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àìlera. IEP, ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe tí àwọn ọmọ míì tó ní àìlera ní, wá láti inú òfin mìíràn, IDEA, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní 1975. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ààlà nínú méjèèjì. Tí kò bá tíì ju ọjọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá lọ, wọ́n lè dá ọmọ yín dúró bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ yòókù dúró. Bí ó bá kọjá mẹ́wàá ní ìtẹ̀léra, tàbí tí ìdádúró kéékèèké tó jọra bá kóra jọ kọjá mẹ́wàá láàárín ọdún kan, wọ́n gbọdọ̀ pe ìpàdé tí wọ́n á ti béèrè bóyá àìlera ọmọ ló fa ohun tó ṣe. Fún ọmọ tó ní IEP, wọ́n á tún béèrè bóyá ilé-ìwé gan-an ni kò ṣe ohun tó kọ sínú ètò ọmọ. Ọmọ 504 ni tiyín, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìbéèrè kejì yẹn kalẹ̀ pẹ̀lú. Bí ètò rẹ̀ bá ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹun níbi tí ariwo ò pọ̀, ṣùgbọ́n àárín èrò ló wà lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ní 1988, nínú ẹjọ́ tó wá láti San Francisco, Kóòtù Tó Ga Jùlọ kọ̀ láti gbà pé ilé-ìwé lè dá nìkan lé ọmọ tó ní irú àìlera bẹ́ẹ̀ kúrò nítorí ìwà tí àìlera rẹ̀ fà. Ọ̀ràn ohun ìjà, oògùn olóró àti ìpalára tó burú gan-an ní ìlànà tiwọn, tí wọ́n fi lè gbé ọmọ tó ní IEP lọ sí ibòmíràn títí dé ọjọ́ ẹ̀kọ́ 45. Ti ọmọ yín ò dé bẹ̀.

Ẹ wá ka ọjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣé wọ́n ti pè yín rí pé “ẹ wá mú un, ara rẹ̀ ò balẹ̀ lónìí,” tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbé e, láìsí ìwé kankan? Ìdádúró ni o, kódà bí wọn ò bá pè é bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí lára ọjọ́ mẹ́wàá tiwọn. Ẹ wo fóònù yín, ẹ kọ gbogbo ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó 504 nílé-ìwé. Nígbà míì tí wọ́n bá tún pè, ẹ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́: “Ṣé ẹ ń dá a dúró ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níwèé.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá á ní kí ọmọ padà sí kíláàsì nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìbéèrè yẹn.

Ní ti ilé-ìwé tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á, DAEP ni wọ́n ń pè é ní Texas. Wọn ò lè kàn sọ ọ́ lẹ́nu kó sì di ṣíṣe. Wọ́n gbọdọ̀ pe ìpàdé tí ẹ̀yin òbí yóò wà níbẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ọmọ. Fún ọmọ 504, ìpàdé àìlera tí mo sọ ṣáájú gbọdọ̀ wáyé kí wọ́n tó gbé e kúrò lọ́nà tó kọjá ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta yìí ò tíì tó gbèsè.

Yunifásítì ò yẹ kó gba oorun lójú yín. Common App, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń gba ọmọ wọlé, ti yọ ìbéèrè nípa ìjìyà nílé-ìwé kúrò láti ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ṣì lè béèrè tirẹ̀, bí wọ́n bá sì béèrè, òótọ́ ni kí ọmọ sọ. Ọmọ tó ṣàlàyé ìjà kan ní kíláàsì kẹwàá ní ìlà mẹ́rin kì í sábà pàdánù àyè nítorí rẹ̀. Ohun tó tọ́ sí àníyàn ni irọ́ inú àkọsílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ìjà, FERPA gbà kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ pè fún ìgbẹ́jọ́ bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ sì fi àlàyé tiyín sínú fáìlì bí ìgbẹ́jọ́ ò bá gbè yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní ìpínlẹ̀ míì, ẹ má lo iye ọjọ́ Texas. California ò gbà ju ọjọ́ márùn-ún ní ìtẹ̀léra, àti láti July 2024, ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ ò lè lé ọmọ sílé nítorí oríkunkun nìkan. Ní Georgia, ohun tó bá kọjá ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́. Illinois ti fòfin de ìlànà “bó ṣe ṣẹ̀ báyìí, ìyà báyìí ni” láti 2016.

Ìyá, ẹ béèrè lọ́rọ̀ kan bóyá àwọ̀ ọmọ wa ló fà á. Nínú ọdún ẹ̀kọ́ 2017 sí 2018, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà ni aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n lé sílé, bí 38 ni wọ́n. Àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, tèmi ni pé kí ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ nínú ìpàdé, torí ẹni tí ẹ bá sọ ọ́ fún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀, á sì gbàgbé ọmọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ míì tó jà ní yàrá ìjẹun lọ́dún yìí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ìdáhùn bá fi ojúsàájú hàn, ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ aráàlú tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ẹ̀sùn, ọjọ́ 180 láti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ sì ni gbèdéke wọn.

Nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Olùkọ́ tó bá rí àpá lára rẹ̀ ní láti fi tó ìjọba létí lábẹ́ òfin Texas, ìyẹn á sì ṣí ẹjọ́ míì. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ tí wọ́n gbá létí níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wá lé sílé, ti jìyà. Kí ó mọ̀ pé ẹ̀yin òbí òun wà lẹ́yìn òun, kí ó sì mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kó jà.

Kí ó tó padà lọ́jọ́ kẹrin, ẹ bèèrè ìpàdé kúkúrú pẹ̀lú igbákejì ọ̀gá àti ẹni tó ń bójú tó 504. Ẹ béèrè ibi tí ọmọ kejì á máa jókòó lásìkò oúnjẹ, àgbàlagbà wo ni ọmọ yín lè tọ̀ lọ bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún ètò 504 rẹ̀. Bí ìpàdé bá parí, ẹ fi ímeèlì kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe bí ẹ bá gbọ́ ọ ṣì.